Ó di gbéré àbí ó dàárọ̀? Ohun tí Kristẹni ń retí nígbà tí ikú bá dé

Bí ẹ bá dúró létí ibojì níbi ìsìnkú Kristẹni ní Òṣogbo, ẹ lè gbọ́ ìdágbére méjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n tó da erùpẹ̀ bo pósí, àgbàlagbà kan nínú ẹbí á ní, "Ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá." Kò ní pẹ́ tí ẹlòmíì láti ìjọ á sì juwọ́ sínú kòtò pé, "Màmá, ó dàárọ̀ o." Ẹsẹ̀ kan náà la fi ń dúró gbọ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra rárá. Gbéré ni ìpínyà tí kò ní ìpadàbọ̀. Ó dàárọ̀ ni à ń wí fún ẹni tó ń wọ yàrá lọ sùn, tí a mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó jọ mu ògì àárọ̀.

Àárín ìdágbére méjì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ìdààmú tó ń bá Kristẹni lórí ọ̀rọ̀ ikú wà. Ẹ̀kọ́ Bíbélì la gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá lẹ́nu àwọn baba wa la fi gbà á: ọ̀run, ipò òkú, sísùn, ilé. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti ní ìtumọ̀ tiwọn tipẹ́ kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, kó má sì lè sọ ní pàtó ohun tó ń retí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìrètí gan-an bẹ̀rẹ̀. Nínú Bíbélì, ìrètí kì í ṣe "bóyá á rí bẹ́ẹ̀." Ẹ wo ìyá kan ní Òkè-Fìà tí ọmọ rẹ̀ pè láti ojú ọ̀nà pé, "Mọ́mì, a ti kọjá Gbọ̀ngán." Kò tíì fojú kan ọmọ, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìkòkò kaná, ó ti ní kí wọ́n gbá yàrá, etí rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu géètì. Kò sí bóyá nínú ohun tí ìyá yẹn ń ṣe. Kì í sì í ṣe bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó ló fọkàn tán. Ọ̀rọ̀ ẹni tó pè ló gbára lé. Irú èyí ni Hébérù 11:1 pè ní "ìdánilójú ohun tí à ń retí."

Kí wá ni ìpè tí Kristẹni gbọ́? Òun ni pé Jésù kú, wọ́n sin ín, ó sì jí ní ọjọ́ kẹta. Ní nǹkan bí ọdún 55 ni Pọ́ọ̀lù ti Éfésù kọ ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, kò ju bí ọdún 25 lọ lẹ́yìn àgbélébùú. Ní orí 15, ó ka àwọn tó rí Jésù lẹ́yìn tó jí: Kéfà, àwọn méjìlá, àwọn ará tó lé ní 500 lẹ́ẹ̀kan náà, Jákọ́bù, àwọn àpọ́sítélì, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀. Ó wá fi kún un pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn 500 náà ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé, ẹ lọ bi wọ́n. Ní ẹsẹ 17 àti 18, kò fi bò rárá: bí Kristi kò bá jí, asán ni ìgbàgbọ́ yín, àwọn tó sùn nínú Kristi sì ti ṣègbé. Gbogbo ìrètí Kristẹni so mọ́ ibojì kan ṣoṣo yẹn ní Jerúsálẹ́mù. Pọ́ọ̀lù pe Jésù ní àkọ́so àwọn tó ti sùn, àgbẹ̀ sì mọ ohun tó ń sọ. Iṣu tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ wà kì í dá ti ara rẹ̀ sọ. Ó ń sọ ohun tó wà nínú àwọn ebè yòókù.

Ọ̀run ló tún ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ọ̀rọ̀ kan yìí là ń lò fún ojú sánmà, fún ibi tí àwọn baba ńlá wa lọ, àti fún ibi tí Ọlọ́run wà. A tún máa ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Nítorí náà, ohun tí púpọ̀ nínú wa rò pé Bíbélì ṣèlérí ni pé ẹ̀mí á bọ́ ara sílẹ̀, á fò lọ sílé, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí ẹnu wa ń sọ nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi: "àjíǹde ara, àti ìyè àìnípẹ̀kun." Ara ni a dárúkọ.

Ìpele méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí onígbàgbọ́ bá kú: ó wà lọ́dọ̀ Kristi. Jésù sọ fún ọ̀daràn tí wọ́n jọ kàn mọ́gi pé, "Lónìí ni ìwọ ó wà pẹ̀lú mi ní Párádísè" (Lúùkù 23:43). Pọ́ọ̀lù ní òun fẹ́ láti lọ, kí òun sì wà lọ́dọ̀ Kristi, torí ó dára jù (Fílípì 1:23). Èkejì ni èyí tí a kì í sábà wàásù rẹ̀ níbi ìsìnkú, òun gan-an sì ni òtéńté: nígbà tí Olúwa bá dé, àwọn òkú nínú Kristi á jíǹde, pẹ̀lú ara (1 Tẹsalóníkà 4:16). Ní Ìfihàn 21, àwa kọ́ là ń gòkè lọ níparí ìtàn. Ìlú mímọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá, ayé tuntun wà, Ọlọ́run ń bá ènìyàn gbé, ikú ò sì sí mọ́. Ẹni tó bá dúró sí ìpele kìíní kò tíì gbọ́ ìhìn rere náà tán.

Irú ara wo wá ni? Ohun ọ̀gbìn ni Pọ́ọ̀lù fi dáhùn. Ẹ mú horo àgbàdo méjì, ẹ rì í sínú ilẹ̀ tútù ní ìwọ̀n ìka méjì. Ní ọjọ́ 5 sí 7, ewé tó ká bí ẹní á yọ orí jáde. Bí ẹ bá rọra hú u wò, ẹ ó rí horo àtijọ́ tó ṣì lẹ̀ mọ́ ibi tí gbòǹgbò ti yọ: ó ti rọ̀, ó ti ń ṣófo, ìka lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ohun tó yọ jáde kò jọ ọ́ rárá. Síbẹ̀ àgbàdo ni. Kò di ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ ló rí: a gbìn ín ní ìdíbàjẹ́, a jí i dìde ní àìdíbàjẹ́ (1 Kọ́ríńtì 15:42). Ẹni kan náà ni, a sì yí i padà. Nítorí náà, ẹni tí iná jó, ẹni tí omi gbé lọ, ẹni tí wọ́n sin sí ẹ̀yìnkùlé ní Òkè-Baálẹ̀ dípò ìtẹ́ òkú ìjọ, kò sí èyí tí àjíǹde rẹ̀ nira fún Ọlọ́run ju ti ẹnì kejì lọ. Pósí olówó gọbọi kò ràn án lọ́wọ́, ibojì tí wọn kò fi táìlì lẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́.

Sísùn ńkọ́? Ara ni ó sùn, nítorí pé a ó jí i. Nígbà tí Jésù sọ pé Lásárù sùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rò pé oorun lásán ni, títí ó fi là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé Lásárù kú (Jòhánù 11:11-14). Àwọn ìjọ kan, irú bí Adventist Ọjọ́ Keje, kọ́ni pé òkú kò mọ nǹkan kan títí di àjíǹde, wọ́n sì ń tọ́ka sí Oníwàásù 9:5. Àwọn Kátólíìkì, Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, Mẹ́tọ́díìsì àti CAC gbà pé ọkàn onígbàgbọ́ kò sùn, àwọn Kátólíìkì sì tún ń gbàdúrà ìwẹ̀nùmọ́ fún àwọn òkú, pàápàá ní 2 Oṣù Kọkànlá. Gbogbo wọn pátá ló ń retí àjíǹde kan náà. Ipò òkú ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀run àpáàdì; Ìfihàn 20:14 sọ pé a ó sọ ikú àti ipò òkú fúnra wọn sínú adágún iná. Orúkọ bíi Babátúndé àti Yétúndé sì jẹ́ ayọ̀ ẹbí, kò sí ohun tó burú nínú kí Kristẹni jẹ́ ẹ, bí a bá ti mọ̀ pé Hébérù 9:27 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń kú. Bàbá kò padà wá. Ọmọ tuntun ni Ọlọ́run fún wa.

Ṣé ènìyàn lè mọ̀ dájú?

Ní Òṣogbo, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jọ ń gbé lábẹ́ òrùlé kan, tí ọmọ ìyá méjì ń lọ sí ibi ìsìn méjì, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sábà gbọ́ ni pé, "Ká ṣáà máa ṣe dáadáa, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó máa wọlé." Ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìhìn rere kò dúró síbẹ̀. Jòhánù kọ ìwé rẹ̀ "kí ẹ̀yin kí ó lè mọ̀ pé ẹ̀yin ní ìyè àìnípẹ̀kun" (1 Jòhánù 5:13). Jésù ní ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òun tó sì gba ẹni tó rán òun gbọ́ "ti ré ikú kọjá bọ́ sí ìyè" (Jòhánù 5:24). Ẹ má fojú fo "ti" yẹn. Kò sọ pé yóò ré e kọjá bí òṣùwọ̀n iṣẹ́ rere rẹ̀ bá wúwo. Ọ̀daràn orí igi kò rí àyè ṣe ìrìbọmi, kò san ìdá mẹ́wàá kankan, ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́gi kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni lóore mọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Jésù rántí òun, ó tán.

Ohun mẹ́ta ni Bíbélì fi ń fún ènìyàn ní ìdánilójú: ìlérí Kristi, ẹ̀rí Ẹ̀mí nínú ọkàn (Róòmù 8:16), àti ìwà tó yí padà, pàápàá ìfẹ́ sí àwọn ará (1 Jòhánù 3:14). Ètò wọn ṣe pàtàkì gan-an, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá fi ohun tó ń rò lọ́kàn ṣe ìpìlẹ̀, lọ́jọ́ tí ìrora bá mú un tàbí tí oògùn bá mú kí orí rẹ̀ wúwo, tí kò sì lè gbàdúrà, á rò pé Ọlọ́run ti lọ. Bó bá fi ìwà rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, orí ibùsùn àìsàn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe á ti tò wá síwájú rẹ̀. Ìlérí ló gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí èyí tó kù wá dúró lé e.

Ẹbí tó ní àgbàlagbà tó ti ń gbàgbé nǹkan máa ń béèrè ìbéèrè kan pẹ̀lú omi lójú: Bàbá kò rántí Jésù mọ́, kò rántí orúkọ tiwa pàápàá, ṣé ó ti sọnù? Ẹ wo obìnrin tó pọn ọmọ kọjá lórítà Ọlàìyá lọ́sàn-án. Ó so ọ̀já mọ́ àyà pinpin, ó sì kì í bọ abẹ́ apá. Ọmọ ti sùn. Orí rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ tó fi di aṣọ ìyá rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan ti tú, ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí ìyá ṣe ń rìn. Kò ṣubú, torí kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ló gbé e dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. "Kò sì sí ẹni tí yóò já wọn gbà kúrò lọ́wọ́ mi," Jésù ló sọ ọ́ (Jòhánù 10:28).

Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn ìjọ lórí bóyá ẹni tó ti gbàgbọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Kristi sílẹ̀ pátápátá. Mẹ́tọ́díìsì gbà pé ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ Onítẹ̀bọmi ní rárá. Ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn yẹn gorí ibùsùn ẹni tó ń kú. Ìjọ méjèèjì gbà pé ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Kristi báyìí lè mọ̀ báyìí pé òun jẹ́ tirẹ̀.

Ìbẹ̀rù kì í sì í ṣe ẹ̀rí àìgbàgbọ́. Jésù tó mọ̀ pé òun máa jí Lásárù sunkún níbi ibojì rẹ̀. Ó yẹ kéèyàn ya ìbẹ̀rù méjì sọ́tọ̀: ìbẹ̀rù ibi tí à ń lọ, tí ìlérí ń dáhùn, àti ìbẹ̀rù ìrora ọ̀nà, tí dókítà lè ràn wá lọ́wọ́ lé lórí. Bíbéèrè oògùn ìrora tó lágbára ní ilé ìwòsàn kò dín ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni kù.

Lẹ́bàá ibùsùn

Bí dókítà bá ti sọ pé oògùn kò ní lè wo àìsàn náà mọ́, iṣẹ́ àwọn tó wà nílé yí padà. Ẹ tètè pe àlùfáà tàbí pásítọ̀, má dúró di wákàtí ìkẹyìn, torí ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́ kò ní lè gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó nínú yàrá. Ẹ jókòó kí ojú yín lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba, ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Bíbélì kíkà má ju ẹsẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan: Orin Dáfídì 23, Jòhánù 14:1-3, Róòmù 8:38-39. Ẹ lo Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ fún àgbàlagbà, torí òun ló há sórí. Ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àná lè bẹ̀rẹ̀ sí í mi ètè nígbà tí ẹ bá dé "ọ̀gọ rẹ àti ọ̀pá rẹ, wọ́n ń tù mí nínú." Ẹ kọ ẹsẹ orin kan tó mọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Bí kò bá lè gbé omi mì, ẹ má fi tipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù nu ètè rẹ̀. Ẹ má sì sọ nínú yàrá yẹn ohun tí ẹ kò fẹ́ kó gbọ́, torí etí lè ṣì máa gbọ́ nígbà tí ojú ti pa dé. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ṣẹ́ kù kò pọ̀: dáríjì mí, mo ti dáríjì ọ́, o ṣeun, mo fẹ́ràn rẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni pé gbogbo àlejò á máa sọ pé, "O ò ní kú, ní orúkọ Jésù," títí di ìmí ìkẹyìn. Àdúrà ìwòsàn dára, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan la gbà láàyè, ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ kò ní rí ẹni bá sọ ọ́. Kò ní lè sọ ibi tí ìwé ìhágún wà, kò ní lè bá àbúrò tí wọ́n jọ jà láti ọjọ́ yìí parí ìjà. Bó bá wá kú, wọ́n á tún ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Pọ́ọ̀lù tí Ọlọ́run lò láti jí òkú fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn (2 Tímótì 4:20). Kò sí ẹni tó sọ pé Tírófímù kò gbàgbọ́.

Lẹ́yìn ikú ńkọ́? Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" la ó kí ẹbí, agbada á gorí iná, aṣọ ẹbí á jáde. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́, òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n á sin ín kíákíá, òbí kò ní dé ibi ibojì, gbogbo ilé á dákẹ́. Ìbànújẹ́ méjèèjì kò dọ́gba, ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ó dọ́gba. Ìrètí ni kò sí tàgbà tèwe nínú rẹ̀. Ìlérí tó wà fún ìyá ẹni ọdún 90 náà ló wà fún ọmọ ọdún 24 tí ọkọ̀ gbá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fa irú ikú bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí Lúùkù 13 fún un: àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa kò jẹ̀bi ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ.

Ẹ má sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé kó má sunkún torí onígbàgbọ́ ni. 1 Tẹsalóníkà 4:13 kò sọ pé ká má banújẹ́. Ó ní ká má banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Ẹ má sì sọ pé ọmọ náà ti di áńgẹ́lì; ènìyàn kì í di áńgẹ́lì, àjíǹde ènìyàn là ń retí. Bí òkú bá jẹ́ ẹbí tó ṣe ẹ̀sìn mìíràn, tàbí ẹni tí a kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ wa láti ṣe ìdájọ́ rẹ̀ lórí pósí. Ábúráhámù ti béèrè rí bóyá Onídàájọ́ gbogbo ayé kò ní ṣe èyí tó tọ́ ni (Jẹ́nẹ́sísì 18:25), ibẹ̀ ló sì fi ọ̀rọ̀ náà sí.

Ẹ lọ jọ́sìn pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ ìdágbére, ṣùgbọ́n ẹ tún fi ọjọ́ kan pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nígbà náà, wọ́n ti kó kánópì lọ, gbèsè ìnáwó ti ń yọjú, àwọn tó ń pe fóònù lójoojúmọ́ ti dákẹ́. Ẹ gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ lọ, ẹ jókòó. Ẹ dárúkọ ẹni tó lọ, torí ohun tó ń dun opó jù ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ náà mọ́. Bó bá fẹ́ kí ẹ ka nǹkan, ẹ ka 1 Kọ́ríńtì 15 láti ẹsẹ 51 lọ, díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá fẹ́, ẹ bá a ṣa ẹ̀fọ́.